Bàbá Ọmọ Ọwọ́ àti Ẹ̀jẹ́ Ológun Àbọ̀ṣẹ́

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rò pé orúkọ nìkan ni ohun tí a gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ wo ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun mìíràn ń bẹ tí ó yẹ kí ènìyàn wo ilé rẹ̀ dáradára kí ó tó dáwọ́ lé, pàápàá bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú ilé náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀jẹ́ tí ènìyàn ń jẹ́ fún ìjọba pé òun yóò di ọmọ-ogun. Bí ẹ̀jẹ́ náà bá jẹ́ ti gbogbo ìgbà, olúkúlùkù ni ó mọ̀ pé ohun ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ ti àbọ̀ṣẹ́, tí ènìyàn yóò máa ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ tí yóò sì máa gbé ìbọn ní ọjọ́ díẹ̀ lóṣù, a máa dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta bá ṣí sílẹ̀ fún ọ̀dọ́mọdé òbí láti di ológun àbọ̀ṣẹ́, kí ni ó yẹ kí ó fi ṣe ìwọ̀n láti fi yan ọ̀kan, tàbí láti fi kọ gbogbo wọn sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀dá ara rẹ̀ sí mi lọ́kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ní Mólété ránṣẹ́ pè mí. Opó ni, ó sì ti ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba fún ọdún púpọ̀, owó èlùbọ́ náà ni ó sì fi rán àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ilé-ìwé. Mo ti kọ́ ọmọ náà rí nígbà tí ó wà ní kékeré. Nísinsìnyí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó ní ìwé ìgbélùú, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù-sí, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, ọmọ wọn sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ìyá náà na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí kí n gbọ́. Ojú mi kò ríran rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, n kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọdé ilé kà á fún mi, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni."

Mo kà á. Ọmọ náà kí ìyá rẹ̀ dáradára bí ọmọ gidi, ó sì ṣàlàyé pé òun fẹ́ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára òun lọ. Ó ní ọ̀nà kan ti yọ. Ìjọba ilẹ̀ náà ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ológun àbọ̀ṣẹ́, a óò máa lọ fún ìdárayá ogun ní ọjọ́ méjì ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, wọn yóò sì ran ni lọ́wọ́ láti san owó ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ méjì ni ó wà, òun kò sì mọ èyí tí òun yóò mú. Lẹ́yìn náà ni ó kọ gbólóhùn kan tí ó mú kí ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí: "Bí wọ́n bá wá pè mí lọ sí ibi jíjìn, mo ti rò ó, Ìyá mi, ẹ̀yin ni n óò gbé ọmọ fún."

Ìyá náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti rò ó. Ta ni ó bi?" Ó sì ní kí n bá òun wá èsì tí òun yóò fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí mo rò ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn ẹgbẹ́ méjì tí ó ń sọ̀rọ̀ wọn. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní National Guard. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó ní tirẹ̀, gómìnà ìpínlẹ̀ ni ó sì ń pàṣẹ fún un ní ìgbà gbogbo. Bí odò bá kún, bí ìjì bá wó ilé, bí ìlú bá dàrú, gómìnà a pè wọ́n jáde. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní ọdún 2005, nǹkan bí 50,000 nínú wọn ni a pè láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lè gbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ gómìnà, kí ó sì rán wọn lọ sí òkè òkun. Nítorí èyí, ẹ̀jẹ́ méjì ni ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ìpínlẹ̀, ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè. Èkejì ni Army Reserve. Eléyìí kò ní gómìnà. Ti orílẹ̀-èdè ni pátápátá. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí ń ti jagunjagun lẹ́yìn: ìtọ́jú aláìsàn, ìkẹ́rù, àtúnṣe ọkọ̀, iṣẹ́ ọ̀nà àti afárá. Nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, òfin ilẹ̀ náà láti ọdún 1994 kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé a pè é lọ sójú ogun.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ó ní irú ètò yìí. Ní Bìrìtìkó, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí pẹ̀lú, ẹgbẹ́ ológun àbọ̀ṣẹ́ ti wà láti ọdún 1908. Ní ọdún 2014 ni a yí orúkọ rẹ̀ padà láti Territorial Army sí Army Reserve. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni èyí. Láti ọdún 2009, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn àjèjì kan sínú iṣẹ́ ogun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, títí a fi dá ètò náà dúró ní ọdún 2016. Àwọn ọmọ wa wà nínú aṣọ wọ̀nyẹn.

Ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọdé ń gbà ṣírò irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ọjọ́ méjì lóṣù, nínú oṣù 12, jẹ́ ọjọ́ 24. Fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, ó di ọjọ́ 38. Nínú ọjọ́ 365, ọjọ́ 38 kò tó nǹkan. Oníṣòwò tí ń lọ sí Òkè Ọya ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò nílé. Bí ẹgbẹ́ kan bá wá fi owó ẹ̀kọ́ lé e, tí èkejì sì fi owó mìíràn lé e, a ó kàn fi ọ̀kan wé ọ̀kan bí ẹni tí ń ra aṣọ ní ọjà: èwo ni ó gùn jù, èwo ni owó rẹ̀ fúyẹ́ jù?

Ìṣírò yìí pé, kò sì tọ́. Ọjọ́ 38 ni ọjọ́ ìdárayá. Kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀jẹ́. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ń fi ara rẹ̀ sábẹ́ ojúṣe ọdún mẹ́jọ lápapọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní máa lọ fún ìdárayá ní gbogbo ọdún náà. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àbọ̀ṣẹ́ rárá, yóò kọ́kọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní ibùdó ẹ̀kọ́ ogun, yóò sì tún lọ kọ́ iṣẹ́ tí a bá yàn fún un lẹ́yìn náà. Èyí tí ó wá ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ní ọjọ́ tí ìpè bá dé, àbọ̀ṣẹ́ ti parí. Ológun gidi ni. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó wọ ẹgbẹ́ méjèèjì nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ara wọn ní Iraq àti ní Afghanistan. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kò tàn wọ́n jẹ. Ohun tí wọ́n kà nínú rẹ̀ ni ó kéré ju ohun tí a kọ sínú rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí ará Ìbàdàn mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ibùdó ogun ni ìlú wa tẹ̀ dó sí, ní nǹkan bí ọdún 1829. Ológun àbọ̀ṣẹ́ sì ni púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa. Wọn kò gba owó oṣù. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí ogun bá pè, wọn a fi ọkọ́ sílẹ̀, wọn a tẹ̀lé olórí ogun ilé wọn. Láti Bẹ́yẹrúnkà, ní agboolé Ògúnmọ́lá, láti Ọjà'ba, láti Mápó àti Bẹẹrẹ, ọkùnrin a gbé idà, a sì wí fún ìyàwó rẹ̀ pé kò ní pẹ́. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ó sì parí ní ọdún 1862. Ṣùgbọ́n ogun Kírìjì ń kọ́? Ọdún 1877 ni wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1886 ni a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ọdún 1893 ni àwọn ibùdó ogun tó tú ká. Ọdún 16! Látóòsà tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kú sí ibùdó náà ní ọdún 1885. Àwọn ènìyàn kọ́ ilé sí ibùdó, wọ́n bímọ sí ibẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè gbé ìbọn nígbà tí ogun parí. Kò sí ẹni tí ó fi ọdún 16 ṣe ìlérí. Wọ́n ṣe ìlérí àkókò kan. Ogun ni ó kọ iye rẹ̀ sí i.

Nítorí náà, ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí mo rí ni èyí: kí òbí má ṣe fi ọjọ́ tí ó rọrùn díwọ̀n iṣẹ́ ológun, kí ó fi ọjọ́ tí ó le jù díwọ̀n rẹ̀. Kí ó má bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé mo lè fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lóṣù?" Kí ó bi í pé, "Bí wọ́n bá pè mí lọ́la fún ọdún kan, ilé mi yóò ha dúró bí?" Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹnìkan lè dáhùn pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí òbí tí ó gbọ́dọ̀ wọ iṣẹ́ ogun rárá, àwọn àpọ́n nìkan ni yóò máa dáàbò bo ìlú. Èyí kò tọ́ pẹ̀lú, n kò sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Àìsí nílé nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òbí. Olùkọ́ tí a gbé lọ sí ìlú jíjìn kúrò nílé, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn kúrò nílé, ìyá ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn náà kúrò nílé. Kò sí ẹni tí ó ń pè wọ́n ní aláìlójúṣe. Nígbà ogun àgbáyé kejì, a kó àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Burma, ìpín 81 ní ọdún 1943, ìpín 82 ní ọdún 1944, àwọn baba ọmọ sì wà nínú wọn. Ìdílé wọn a máa gba apá kan nínú owó iṣẹ́ wọn nílé lóṣooṣù. Owó náà kò lè gbé ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé bàbá náà ti ronú kí ó tó lọ.

Ohun tí ó ń sọ àìsí nílé di ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ pé a fi í sílẹ̀ fún òun. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kúdẹtì, tí kò jìnnà sí Mólété. Nígbà tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, olóyè kan tí ń jẹ́ Olúnlóyọ̀ mú ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, wá fún wọn láti kọ́. Ní ìlú ogun, níbi tí bàbá kò ti mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá, ọkùnrin yìí wo ilé tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé, ó mú wọn lọ síbẹ̀ ní gbangba, àwọn tí ó gbà wọ́n sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà, tí oúnjẹ àti owó sì ṣọ̀wọ́n nínú ilé Hinderer fún ọdún púpọ̀, wọn kò lé àwọn ọmọ ilé náà jáde. Ẹni tí ó ti gba ọmọ nígbà àlàáfíà ni ó lè dì í mú nígbà ìyọnu.

Òfin ẹgbẹ́ ogun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ mọ èyí. Bí òbí bá ń dá tọ́ ọmọ, tàbí bí ọkọ àti aya bá jẹ́ ológun méjèèjì, òfin ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ sílẹ̀, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i pé òun gbà. Òfin kò béèrè èyí lọ́wọ́ ọmọ ìyá wa, nítorí ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe ológun. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò béèrè, ẹ̀rí-ọkàn lè béèrè rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ológun tí òbí ń jẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan: ìyàwó tí yóò máa ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ wá bá ọmọ tí ń sunkún wà nínú rẹ̀; ìyá àgbà tí yóò pa ìsọ̀ èlùbọ́ rẹ̀ dé láti wọ ọkọ̀ òfuurufú, tàbí tí yóò gba ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn ní ẹni àádọ́rin ọdún, wà nínú rẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta bá máa ru ẹrù kan, kò tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lọ ná owó rẹ̀ kí ó sì gbà á. Ìwọ̀n kejì nìyí.

Ìwọ̀n kẹta ni ó ya ẹgbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, òun sì ni ó gbà mí ní ìrònú jù. Irú àṣẹ wo ni ẹni náà ń fi ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀? Ẹni tí ó wọ Guard lè bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó arúgbó jáde nínú ìkún omi, kò jìnnà sí ilé rẹ̀, lọ́sàn-án kan tí ọmọ rẹ̀ lè fi yangàn. Ẹni kan náà lè bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ní òpópónà ìlú rẹ̀, tí ó kọjú sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ń fi ẹ̀hónú hàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Ẹni tí ó wọ Reserve kò ní gbọ́ ìpè gómìnà, ó sì ṣeé ṣe kí ó kọ́ iṣẹ́ tí yóò wúlò fún un lẹ́yìn ogun, bí iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìpè tirẹ̀, nígbà tí ó bá dé, lè gbé e kọjá òkun. Kò sí èyí tí ó mọ́ pátápátá, kò sì sí èyí tí ó burú pátápátá. Òbí gbọ́dọ̀ béèrè pé, "Nínú àṣẹ méjèèjì yìí, èwo ni mo lè ṣe kí n sì padà wálé sọ òtítọ́ rẹ̀ fún ọmọ mi nígbà tí ó bá dàgbà?" Iye owó ẹ̀kọ́ kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó bá sì ń ná ọjà ni à ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.

Àwọn kan ní Mólété, nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wí pé kí ni ọmọ Ìbàdàn ń wá nínú ogun àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ wọn ní agbára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí a bí ọmọ ẹni sí, tí yóò ti lọ sí ilé-ìwé, tí yóò sì dìbò, kì í ṣe ìlú ẹlòmíràn mọ́ fún ọmọ náà. Bí bàbá bá wò ó tí ó sì rí i pé ìlú náà yẹ kí òun dáàbò bò, ohun ọlá ni. Bí ó bá jẹ́ pé owó ẹ̀kọ́ nìkan ni ó rí, kí ó wá owó ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà mìíràn, bí ó tilẹ̀ pẹ́, nítorí ohun tí ó ń tà tóbi ju ohun tí ó ń rà lọ.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ìbéèrè kan náà ń bẹ ní ẹnu ọ̀nà wa. Ẹgbẹ́ Civil Defence ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé súnmọ́ etílé, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn. Ní ọdún 2003 ni òfin sọ ọ́ di iléeṣẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ní Ìbàdàn yìí, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ètò Àmọ̀tẹ́kùn. Ọ̀pọ̀ àdúgbò sì wà tí àwọn ọkùnrin ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ òru ní ìpín-ìpín. Bàbá ọmọ ọwọ́ tí ó gbé àtùpà jáde láti ṣọ́ òpópó tirẹ̀ ní òru ẹyọ kan lọ́sẹ̀ ń ṣe ìlérí tí ó kéré ní ọjọ́, ṣùgbọ́n tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ ní òru ẹyọ kan náà. Ẹ jẹ́ kí òun náà fi ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wọn ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nínú òfin Mósè, ní ìwé Deuteronomi orí 24, a pàṣẹ pé ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó kò gbọ́dọ̀ lọ sí ogun. Kí ó wà ní òmìnira nílé fún ọdún kan, kí inú ìyàwó rẹ̀ lè dùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò fi í sílẹ̀ fún ọkùnrin náà láti tọrọ gáfárà, nítorí ojú ìbá tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlú ni ó dá a sí. Ìlú mọ̀ pé ilé tuntun dàbí ọ̀gbìn tuntun, àti pé bí ó bá gbẹ, ìlú náà ni yóò pàdánù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé, "Kì í ṣe ní ọdún yìí," kì í ṣe ojo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a wà láyé kí a máa ti bàbá ọmọ oṣù mẹ́jọ sí ojú ogun nítorí pé owó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ bá ìyá àgbà náà, mo ka ohun tí mo rò fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí sí ọ̀rọ̀ Kírìjì, nítorí ó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n kọ èsì bí òun yóò ti wí i. Èyí ni ohun tí ó wí: "Ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí ọkọ mi kékeré. N kò ní kí o má lọ, n kò sì ní kí o lọ. Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ sí i? Bí kò bá mọ̀ sí i, lọ sọ fún un kí o tó sọ fún mi. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹnu kò, kí ẹ wá bi mí léèrè bóyá mo lè gba ọmọ. Má ṣe rò ó fún mi. Bí ẹ bá bi mí, ó ṣeé ṣe kí n gbà."

Èsì ọmọ náà kò dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ó dé, àwọn méjèèjì ni ó kọ ọ́, ọkọ àti aya. Ọkọ jẹ́wọ́ pé òun kò tíì sọ fún ìyàwó òun nígbà tí òun kọ ìwé àkọ́kọ́. Ìyàwó ní òun bínú, ṣùgbọ́n ìbínú náà ti rọ̀. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn yóò dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Nígbà náà ni wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá Reserve, bí iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Bóyá wọn kò ní ṣe é mọ́. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n ti bèèrè pé, "Ìyá, bí ó bá di ìgbà náà, ṣé ẹ lè gbà á?" Ìyá àgbà náà kò tíì dáhùn títí di òní. Ó ní òun náà ní ilé tí òun yóò wò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni a óò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ní ilẹ̀ yìí tàbí ní òkè òkun. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ tí ó le jù wọ̀n ọ́n. Ẹ bi àwọn tí yóò bá yín rù ú léèrè. Ẹ yẹ àṣẹ tí yóò jáde láti inú rẹ̀ wò, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ lè sọ ọ́ fún ọmọ yín. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ tọkàntọkàn. Bí ẹ kò bá sì fọwọ́ sí i, kí ojú má ṣe tì yín.